Ọ̀rá Pẹrẹsẹ Lórí Gíláàsì Tó Yọ Ikùn

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìlọrin sí Jẹ́bà rí yóò mọ Òkè-Oyi. Ibẹ̀ ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin, títì tó sì gba ibẹ̀ kọjá ni àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń tọ̀ bí wọ́n bá ń ti apá Èkó àti Ìbàdàn lọ sí òdìkejì Odò Ọya. Òun náà ni wọ́n ń gbà bọ̀ pẹ̀lú iṣu, ẹ̀wà àti màlúù. Awakọ̀ ọkọ̀ kékeré tó bá wà lójú títì yìí kò lè máa wo iwájú nìkan, nítorí pé tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ wúwo ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, kì í sì í tètè dúró bí a bá tẹ bíréèkì rẹ̀. Gíláàsì ẹ̀yìn ni awakọ̀ náà fi ń rí i. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tíǹtì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ fáàrí lásán lójú tèmi.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà, tíǹtì, yóò ta létí àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí. Bí táyà àti bíréèkì ti di ọmọ ilé nínú èdè wa ni tíǹtì náà ti dà, mi ò sì tíì rí ọ̀gá alátíǹtì kan tó ń pè é ní orúkọ mìíràn. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ni èmi yóò máa pè ní ọ̀rá, èyí sì jẹ́ Yorùbá tí kò ní àbùlà.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ bíbí Òkè-Oyi, tó fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá alátíǹtì kan. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti ń lẹ tíǹtì mọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀gá dúró tì í. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá jáde lọ sí ọjà, oníbàárà kan sì gbé Toyota wá. Ó ní gíláàsì ẹ̀yìn nìkan ni òun fẹ́ ṣe, kíá sì ni òun fẹ́ ẹ. Ọ̀rẹ́ mi gbà á ṣe. Ọ̀rá kan náà ni, omi ọṣẹ kan náà, ọwọ́ kan náà. Bí ó bá tẹ àárín, etí a ká sókè. Bí ó bá tẹ etí, àárín a wú. Nígbà tí ó sú u, ó fi abẹ la àwọn ibi tó hunjọ, ó sì fi etí kan gun orí èkejì bí ẹni ń lẹ ṣòkòtò oko. Ọ̀gá dé, ó wò ó, kò tilẹ̀ pariwo. Ó ní kí ó ṣí i kúrò kí olọ́kọ̀ tó padà dé. Ọ̀rẹ́ mi tún mú abẹ, ó fi há gbogbo àtè tó kù lójú gíláàsì náà. Nígbà tí yóò fi parí, mẹ́ta nínú àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ìbú gba ojú gíláàsì náà kọjá ti gé. Gíláàsì mìíràn ni wọ́n rà fún olọ́kọ̀, ọ̀rẹ́ mi sì fi gbogbo ìyókù ìsinmi rẹ̀ ṣiṣẹ́ san owó náà. Owó tí ìbá fi wọlé ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tí a padà sí yunifásítì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: kí ló dé tí ohun tó rọrùn fún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ fi di ogun lẹ́yìn ọkọ̀?

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ fi wé agolo mílíìkì. Yóò wé e láìhunjọ, nítorí pé apá kan ṣoṣo ni agolo tẹ̀ sí. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tọ́ gbọnrangandan. Ẹ wá mú bébà kan náà, kí ẹ fi bo ẹ̀yìn igbá. Àárín yóò jókòó, ṣùgbọ́n etí bébà yóò pọ̀ jù fún etí igbá, yóò sì hunjọ yíká. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe ẹni tó ń bò ó ló fà á. Carl Friedrich Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún 1827 pé ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò lè bo ohun tó yọ ikùn níhà méjèèjì láìjẹ́ pé a fà á, tàbí kí ó súnkì, tàbí kí a gé e. Ìdí kan náà ni àwòrán ayé tó wà lára ògiri kíláàsì fi ń parọ́ nípa bí ilẹ̀ kan ti tóbi tó.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí agolo. Gíláàsì ẹ̀yìn ni igbá: ó tẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, ó tún tẹ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Aránṣọ tó bá bá irú rẹ̀ pàdé, bí ìgbà tí ó ń rán fìlà, yóò gé aṣọ, yóò sì rán an pọ̀. Alátíǹtì kò ní abẹ́rẹ́. Ohun tó bá pọ̀ jù létí ọ̀rá náà, ó ní láti sọ ọ́ di kékeré níbi tó wà, láìgé e, láìká a, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ooru ni yóò bá a ṣe é.

Poliẹ́sítà ni ọ̀rá tíǹtì, ohun tí àwọn ará Bírítéènì méjì, J. R. Whinfield àti J. T. Dickson, ṣe ní ọdún 1941. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń ṣe ike omi tí à ń rà mu lójú pópó. Ẹni tó bá ti da omi gbígbóná sínú irú ike bẹ́ẹ̀ rí yóò ti rí bí ó ti ń súnkì, tí ọrùn rẹ̀ ń wọ́. Nílé iṣẹ́, fífà ni wọ́n fà á títí tó fi rí bí ó ti rí. Nígbà tí ó tutù, ó dúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ooru bá tún kàn án, ó fẹ́ padà síbi tó ti wá. Ọ̀rá tíǹtì kò nípọn tó irun orí: ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín mìlímítà 0.025 àti 0.05. Ojú kan rẹ̀ ní àtè, ìbora tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara sì bo àtè náà. Ojú kejì ni wọ́n fi nǹkan líle kùn kí ó má baà tètè há.

Ohun kan wà tí ọmọ iṣẹ́ kì í tètè mọ̀. Ọ̀rá yìí kì í súnkì bákan náà níhà gbogbo. Ní gígùn rẹ̀, bí a ti ń tú u kúrò lára ìdì, ni ó ti ń súnkì jù. Ní ìbú, díẹ̀ báyìí ni. Nítorí náà, lórí gíláàsì ẹ̀yìn, a ó jẹ́ kí gígùn rẹ̀ lọ láti ọ̀tún sí òsì. Nígbà náà ni ohun tó pọ̀ jù yóò kó ara jọ sí etí òkè àti etí ìsàlẹ̀, tí ìhunjọ kọ̀ọ̀kan yóò nà lóòró bí ìka ọwọ́, tí ooru yóò sì lè fà á wọlé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí a bá tẹ́ ẹ lódìkejì, a lè fẹ́ ooru sí i títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Jíjó ni yóò jó, kò ní súnkì bí a ti fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tẹ́ tirẹ̀ lódìkejì kí ọ̀rá má baà ṣòfò, kò sì fi ooru kàn án rárá. Kò sẹ́ni tó tíì kọ́ ọ.

Ìta ọkọ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ni tíǹtì yóò gbé. Wọ́n á fọ ojú gíláàsì níta, wọ́n á fi omi tí wọ́n kán ọṣẹ díẹ̀ sí rin ín, wọ́n á sì tẹ́ ọ̀rá lé e, tí ìhà ìbora rẹ̀ yóò kọjú síta. Ojú tó bá kọ síta báyìí ni yóò kan gíláàsì nígbà tí wọ́n bá gbé ọ̀rá wọ inú ọkọ̀, nítorí náà ẹni tó bá ṣì í tẹ́ ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n á gé e kí ó tóbi ju gíláàsì lọ díẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ti omi ni wọ́n á fi tẹ ìlà kan mọ́lẹ̀ láàárín láti ọ̀tún dé òsì, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lóòró, títí gbogbo ìhunjọ yóò fi bọ́ sí òkè àti ìsàlẹ̀.

Ibi tí sùúrù wọ̀ ọ́ nìyí. Ìhunjọ ńlá kan le ju kékeré mẹ́rin lọ, nítorí náà alátíǹtì a máa pín ńlá sí méjì, a sì máa pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí méjì sí i, títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Lẹ́yìn èyí ni yóò mú ẹ̀rọ kan tó jọ èyí tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, ṣùgbọ́n tó gbóná jù ú lọ púpọ̀. Kì í gbé e dúró lójú kan. Yóò máa mì í lọ, mì í bọ̀ lórí ìhunjọ kan títí ọ̀rá yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí yí ara padà, tí yóò máa kó wọlé bí ewé tí iná rà. Kíá ni yóò fi káàdì líle tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti àárín lọ sí etí, kí ó tó tutù. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ kí ó tó súnkì tán, ìhunjọ náà yóò di àpá tí kò ní lọ mọ́. Bí ó bá pẹ́ jù kí ó tó gbé ooru kúrò, ọ̀rá yóò ràn mọ́ra, wọn yóò sì gé òmíràn. Mo dúró wo ọ̀gá kan tó ń ṣe èyí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò kúrò lójú gíláàsì. Mo rò pé ó ń di ọ̀rá mú ni. Ó ní rárá o, gíláàsì ni òun ń gbọ́ bóyá ó ti ń gbóná jù.

Ó ní ìdí tí ó fi ń gbọ́ ọ. Gíláàsì ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò dà bí ti iwájú. Ti iwájú jẹ́ gíláàsì méjì tí wọ́n fi ọ̀rá há láàárín, tí yóò là ṣùgbọ́n tí kò ní tú ká. Ti ẹ̀yìn jẹ́ ẹyọ kan tí wọ́n mú gbóná, tí wọ́n sì fi atẹ́gùn mú tutù lójijì, kí inú rẹ̀ lè máa fa ara rẹ̀ lóde mọ́ra. Èyí ló mú un le. Ṣùgbọ́n bí apá kan rẹ̀ bá gbóná gan-an tí ìyókù tutù, tàbí tí ẹnì kan bá da omi tútù sí ibi tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà sí wẹ́wẹ́ bí iyọ̀. Kì í là sí méjì; gbogbo rẹ̀ ni yóò dà wọ inú ọkọ̀.

Nígbà tí ọ̀rá bá ti jókòó lórí gíláàsì láti etí dé etí, wọ́n á fi abẹ gé e yíká. Létí gíláàsì náà, ọ̀dà dúdú kan wà tó parí sí tótòtó wẹ́wẹ́. Àtè kì í di tótòtó wọ̀nyí mú dáadáa, nítorí pé wọ́n yọ sókè díẹ̀. Bí a bá rí ìlà funfun kan létí tíǹtì lẹ́yìn tí ọ̀gá ti parí iṣẹ́, kí a má tètè bá a jà. Ó lè jẹ́ tótòtó yìí ni.

Ó wá ku inú ọkọ̀, níbi tí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ wà. Iná mànàmáná ń gba inú àwọn ìlà yìí kọjá láti lé ìrì kúrò lójú gíláàsì, nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn sì rèé, àwọn ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń gba ohùn rédíò. Títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ wọ́n sójú gíláàsì, wọn kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, abẹ kò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Kànìnkànìn rírọ̀ àti omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ ibẹ̀, ọwọ́ á sì máa tẹ̀lé ìlà láti ọ̀tún sí òsì, kì í dábùú wọn. Bí tíǹtì àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ooru ni wọ́n á fi mú àtè rẹ̀ rọ̀, wọ́n á sì máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí kan yìí ni ọ̀rẹ́ mi kò ní lọ́jọ́ náà.

Eruku ni ọ̀tá tó kù. Ní Òkè-Oyi, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, eruku ń bẹ nínú atẹ́gùn tí à ń mí, omi ọṣẹ pàápàá sì ń gbẹ kí a tó ṣẹ́jú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ a máa wọ́n omi sílẹ̀ yí ọkọ̀ ká, wọ́n a sì fọ́n omi sínú afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kí eruku lè wálẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń fẹ́ láti ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà ọyẹ́. Ènìyàn méjì ló sì dára kí ó bó ìbora náà: ọ̀kan ń bó o, èkejì ń fọ́n omi ọṣẹ sí àtè bí ó ti ń yọ síta. Omi ọṣẹ yìí ni kì í jẹ́ kí àtè di gíláàsì mú lójú ẹsẹ̀, kí a lè máa sún ọ̀rá títí yóò fi bá àyè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi rọ́bà ti omi náà jáde láti àárín sí etí, léraléra. Bí omi ti ń jáde ni àtè ń dì í mú.

Gbogbo omi kò lè jáde lọ́jọ́ kan. Ojú gíláàsì lè rí bí ẹni pé kùrukùru wà níbẹ̀, kí omi tún kó jọ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìléròrò. Ìwọ̀nyí yóò lọ fúnra wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan, tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà òjò. Kí olọ́kọ̀ má ṣe fi abẹ́rẹ́ gún un, kí ó má nu ún, kí ó má tan iná ìlà ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ní eruku nínú tàbí tó jẹ́ ìhunjọ tí a ká mọ́lẹ̀ kò ní lọ títí ayé. Bí ọ̀gá kan bá ní kí ẹ ní sùúrù fún irú èyí, owó yín ló ń wò.

Ní ti irú ọ̀rá, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Èyí tó rọjú jù ni aláró, tí oòrùn a máa sọ di àwọ̀ àlùkò lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Èyí tó ní irin nínú a máa dá ooru padà dáadáa, ṣùgbọ́n ó lè dí rédíò lọ́wọ́. Àwọn tó wọ́n jù ni ó ń dín ooru kù láìṣókùnkùn púpọ̀, àwọn yìí gan-an sì ni ó yẹ kí ojú wa máa wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ó bá ti dúdú tó ni yóò ti tutù tó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òkùnkùn ní ìṣirò tirẹ̀. Bí a bá ní ọ̀rá kan jẹ́ 20, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdá 20 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kó kọjá. Gíláàsì fúnra rẹ̀ náà sì ń gba tirẹ̀. Bí gíláàsì bá jẹ́ kí ìdá 80 kọjá, tí a wá lẹ ọ̀rá 20 mọ́ ọn, ìdá 16 péré ni yóò dé ojú awakọ̀. Bí ọ̀rá náà bá jẹ́ 5, ìdá 4 ni. Lọ́sàn-án, ojú lè fara dà á. Ní agogo mẹ́jọ alẹ́, tí tírélà kan tí iná rẹ̀ kan ti kú bá ń bọ̀ lẹ́yìn, awakọ̀ lè rò pé ọ̀kadà ló ń bọ̀.

Òfin sì tún wà. Dìkíríì 6 ti ọdún 1991, tó wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004 títí di òní, sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú kí gíláàsì ọkọ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní rí ènìyàn tàbí ẹrù inú rẹ̀ kedere, àfi bí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá tàbí ẹni tí ó bá yàn bá fún un láṣẹ nítorí ìlera tàbí ààbò. Ìtanràn rẹ̀ ni ₦2,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá kéde pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ó ti máa béèrè fún ìwé àṣẹ náà. Wọ́n sún ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí mú ènìyàn síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Ní Bírítéènì, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìdá 70 ìmọ́lẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò sí òdiwọ̀n fún ti ẹ̀yìn. Ará wa tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ wálé láti Lọ́ńdọ̀nù lè máa rò pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn òun, kó tó dé ibi tí ọlọ́pàá dúró sí.

Ọ̀rẹ́ mi padà sí Òkè-Oyi nígbà ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá rẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n odidi oṣù kan ni kò fi jẹ́ kó lẹ ẹyọ kan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀; orí gíláàsì kan tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti kú ni ó ti ń fi àjákù ọ̀rá kọ́ bí a ti ń mú ìhunjọ súnkì. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀yìn ọkọ̀ tasín kan. Ọ̀rá 50 ni olọ́kọ̀ ní kó lò. Kí ó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó kọ́kọ́ jókòó síbi ìjókòó awakọ̀, ó sì gbójú sókè wo dígí. Èmi náà wọlé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo yíjú padà. Títì ni mo rí, igi kan, obìnrin kan tó gbé igbá, àti ní ọ̀ọ́kán, tírélà kan tó ń bọ̀ láti apá Bódè Sáàdù, tó tan iná méjèèjì lọ́sàn-án gangan. Ọ̀rẹ́ mi kà wọ́n, ó ní méjì. Ó jáde, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé olọ́kọ̀ lọ́wọ́.